Ẹ tọ́jú ojúlówó fáìlì yín kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò ìgbèríko síta

Mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ máa ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìgbèríko, ẹ ń fi fóònù àti kámẹ́rà kékeré ya fọ́tò lọ́nà, ẹ wá ń béèrè ibi tó dáa láti máa kó wọn sí káwọn èèyàn lè rí i, àti pé ṣé kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀ bó ṣe tóbi tó ni àbí kẹ́ ẹ dín in kù. Ẹ dín in kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín báyìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Fọ́tò kan wà tí mo yà láàárọ̀ kùtùkùtù, ìkùukùu ṣì bo odò, afárá onípákó kan nà kọjá lórí ẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi ti ẹ̀gbẹ́ afárá. Mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn yìn ín, mo bá tèmi lọ. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ fi àwòrán pátákó ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ṣé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹ rèé?" Kẹ̀kẹ́ mi ni! Àpò pupa tí mo máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sínú kàlẹ́ńdà, wọ́n fi lọ́gò wọn sábẹ́ ẹ̀, orúkọ tèmi ò sí níbì kankan.

Mo kọ íméèlì sí wọn, wọn ò dáhùn. Mo tún kọ òmíì. Ẹni tó wá dáhùn ní ẹni tó bá àwọn ṣe iṣẹ́ náà ni kí n lọ bá. Mo lọ bá onítọ̀hún, ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí i, pé ohun tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní ẹ̀ka tí mo kọ ọ́ sí kọ́ ló ń bójú tó irú ẹ̀, mo kọ sí ẹ̀ka kejì, àwọn yẹn tún dá mi padà sí àkọ́kọ́. Ṣe ni mo kàn ń da omi sínú agbọ̀n. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí àwọn èèyàn yìí ń gbowó oṣù láti ṣiṣẹ́ fáráàlú, wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì, ará ìlú tó ní fọ́tò ló wá di ẹni tó ń tọrọ.

Mo kọ̀wé sí ìkànnì tí mo gbé fọ́tò náà sí pé kí wọ́n bá mi jẹ́rìí pé ọjọ́ báyìí ni mo gbé e síbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, ìdáhùn kan náà ni ní gbogbo ìgbà, pé àwọn ò lè sọ ẹni tó ni fọ́tò. Wọ́n tún júwe ẹnì kan fún mi tó ní òun gbọ́ òfin fọ́tò dunjú. Ẹni yẹn gbowó lọ́wọ́ mi o, ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti forúkọ fọ́tò náà sílẹ̀ níbì kankan, mi ò lẹ́jọ́ rò.

Irọ́ gbuu ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fìyẹn dẹ́rù bà yín. Àdéhùn Berne tó ti wà láti 1886, tí orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹ̀ lónìí lé ní 180, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bẹ́ ẹ bá ti ya fọ́tò báyìí, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kó tó di tiyín. Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti ibẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má jẹ́ tẹni tó yà á. Ẹni tó pera ẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n ò mọ ìyàtọ̀ yẹn, ó dẹ̀ gbowó.

Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ wọn ni ojúlówó fáìlì. Fáìlì tó jáde látinú kámẹ́rà gan-an ni mò ń sọ o, èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Kí n tó gbé fọ́tò yẹn síta ni mo ti gé apá òsì ẹ̀ díẹ̀, àwọn náà tún gé e lọ́dọ̀ tiwọn, táyà iwájú kẹ̀kẹ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Nínú tèmi, táyà wà níbẹ̀ pé, igi kan tó ti dá wà lápá òsì tí ojú ẹnikẹ́ni ò kàn rí. Ẹni tó jí fọ́tò lè gé e kúrú, kò lè rí ibi tí wọ́n ti gé kúrò mú wá. Yàtọ̀ síyẹn, mo ní àwọn èyí tí mo yà ṣáájú ẹ̀ àtàwọn tí mo yà tẹ̀ lé e, nọ́ńbà wọn tò tẹ̀ léra, aago wọn náà tẹ̀ léra, nínú ọ̀kan, ẹ ò lè rí òdìkejì odò, nínú èkejì, oòrùn ti ń yọ. Mo kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn pátápátá. Kíá ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì wọn, wọ́n tún fi orúkọ mi sí èyí tó kù. Títí dòní, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bẹ̀ mí.

Torí náà, ẹ má pa àwọn tí ẹ rò pé ò dáa rẹ́ tán. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ yà ṣáájú àti lẹ́yìn fọ́tò tẹ́ ẹ máa gbé síta. Ẹ tún aago kámẹ́rà yín ṣe, torí ọjọ́ àti aago tó wà nínú fáìlì, ibẹ̀ ló ti ń mú un, ohun tí wọ́n ń pè ní EXIF nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ní ibi tẹ́ ẹ ti lè kọ orúkọ yín sí, tí á máa wọnú gbogbo fọ́tò fúnra ẹ̀, tí ti yín ò bá ní, ExifTool wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ kó fáìlì sí ojú méjì, ẹ ti mọ ìyẹn.

Lórí pé kó tóbi àbí kó kéré: fọ́tò fóònù tó jẹ́ 12 megapixel máa ń jẹ́ bíi 4000 sí 3000 píksẹ̀lì, ìyẹn tó tẹ̀ sójú ìwé kàlẹ́ńdà ńlá dáadáa. Tẹ́ ẹ bá dín in kù sí 1600 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, á hàn rekete lójú fóònù àti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní 300 píksẹ̀lì sí ìǹṣì kan, kò ní ju ìǹṣì márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Kò ní kólè má jí i, ṣùgbọ́n kò ní rí i lò bó ṣe wù ú.

Ẹ má sì fi WhatsApp ṣe ibi ìpamọ́ o. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ níbẹ̀ lásán, ó ń dín in kù, ó sì ń yọ EXIF kúrò. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, gbogbo ẹ̀ ló máa lọ, títí kan GPS, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ya fọ́tò náà gan-an. GPS yìí gan-an, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹnu ilẹ̀kùn yín lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ń parí sí, fọ́tò àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ yà kẹ́ ẹ tó gbéra lè júwe ilé yín àti ibi tí kẹ̀kẹ́ yín ń sùn. Strava, áàpù táwọn tó ń sáré àtàwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n gbà, gbé máàpù kan síta ní ìparí 2017 tó ń fi ibi táwọn èèyàn ti ń sáré tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ hàn, nígbà tó di January 2018 làwọn èèyàn rí i pé ó ti tú àṣírí bárékè àwọn ológun síta. Tí tàwọn sójà bá lè tú, tiyín ńkọ́? Ẹ lọ sí sẹ́tíǹsì kámẹ́rà fóònù, ẹ pa location, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, iPhone ní ibẹ̀ lábẹ́ Options. Ojúlówó tó wà nílé lè ní i, kò léwu.

Tẹ́ ẹ bá sì ya ìtẹ́ ẹyẹ lọ́nà, ẹ má kọ ibi tó wà síta láéláé, àwọn kan ń wá ẹyin kó. iNaturalist, ìkànnì táwọn èèyàn ń gbé fọ́tò ẹranko àti ewéko tí wọ́n rí sí, fúnra wọn máa ń fi ibi gan-an tí ẹranko àti ewéko tó ń kú lọ wà pa mọ́, wọ́n nídìí.

Ẹ ní ibo. Flickr dáa, ó ń tọ́jú fọ́tò bẹ́ ẹ ṣe gbé e wá, àmọ́ láti 2019, àkáǹtì ọ̀fẹ́ ò gbà ju fọ́tò 1,000 lọ, ẹ ṣa èyí tó dáa. Tó bá jẹ́ Britain tàbí Ireland lẹ ti ń rìn, Geograph wà níbẹ̀ láti 2005, wọ́n fẹ́ fọ́tò gbogbo kìlómítà kan níbùú kan lóòró, afárá àti ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ń wá gan-an. Wikimedia Commons náà ń gba irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n méjèèjì yìí, láísẹ́ǹsì Creative Commons tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lè fi pawó ni wọ́n ń gbà, tẹ́ ẹ bá ti fún wọn, ẹ ò lè gbà á padà mọ́, ohun pàtàkì tí wọ́n jẹ yín ní gbèsè ni kí wọ́n dárúkọ yín. Ẹ fún wọn tí ọkàn yín bá gbà á, èmi náà ń fún wọn, inú mi sì ń dùn tí mo bá rí orúkọ mi lábẹ́ ẹ̀. Ẹ má kàn jẹ́ kó jẹ́ ìkànnì kan ṣoṣo ni gbogbo fọ́tò yín wà, Google ti Panoramio pa ní 2016, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà níbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù sínú TinEye tàbí Google Lens, kẹ́ ẹ wo ibòmíì tó ti yọjú. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò fún, ẹ ya skíríńṣọ́ọ̀tì ojú ewé yẹn pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì àti ọjọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ íméèlì kankan, torí gbàrà tí íméèlì yín bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wá ní àwọn ò lò ó rí.