Ògiri pálọ̀ ń dún hóhò, disjoncteur ń já: ṣé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ilé tí bàbá wa kọ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) la fẹ́ tún ṣe. Ilé dẹ́kì ni, àwọn ẹ̀gbọ́n wa sì ti kọ́ yàrá méjì lé dẹ́kì náà. Mo fẹ́ wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá kan kí pálọ̀ lè fẹ̀. Bíríkìlà fi hámà kàn án, ó ní ó ń dún hóhò, kò gbé nǹkan kan. Wáyà wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ní òun á gé e, òun á fi téèpù so ó pọ̀, wọ́n á sì rẹ́ ẹ mọ́ ògiri. Láti ìgbà tí a ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù wọlé, disjoncteur 16 ampere tó wà níbẹ̀ (ohun tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀ jù) ń já ṣáá. Ó ní òun á fi ti 32 pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àtúnṣe ilé bàbá. Ẹ ní kí hámà ṣì dúró ná. Nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n sọ fún yín, mi ò rí ẹyọ kan tí mo lè fọwọ́ sí.

Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń mọlé níhìn-ín níhò nínú. Ì báà gbé dẹ́kì, ì báà má gbé e, bí a bá kàn án, hóhò ló máa dún. Ohun tó wà lórí ògiri lẹ ó wò. Ẹ gòkè, ẹ wọn bí ògiri yàrá òkè ṣe jìnnà sí ògiri ìta, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wọn ti ìsàlẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ti òkè jókòó lé ti ìsàlẹ̀ lórí nìyẹn, ó ń gbé ẹrù, kò sí àríyànjiyàn. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ wo dẹ́kì fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ hourdis (búlọ́ọ̀kù oníhò tí wọ́n ń tò sáàárín bíìmù kéékèèké) ni wọ́n fi ṣe é, àwọn poutrelle rẹ̀, ìyẹn àwọn bíìmù kéékèèké náà, á ti orí ògiri kan dé orí èkejì. Ògiri tí ìdí wọn bá gùn lé kò ṣeé kàn wó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ha sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kúrò lábẹ́ dẹ́kì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ẹ ó rí ibi tí wọ́n dorí kọ.

Wọ́n lè sọ fún yín pé búlọ́ọ̀kù tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 15 ló ń gbé ẹrù, pé 10 kì í gbé e. Ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ló fi 15 mọ gbogbo ilé. Lọ́wọ́ kejì, dẹ́kì máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, àgàgà èyí tí wọ́n wá kọ́ yàrá lé lẹ́yìn bíi tiyín. Ògiri 10 tí wọn ò mọ kó gbé nǹkan kan lè ti máa gbé e báyìí.

Tó bá ń gbé ẹrù, pálọ̀ yín ṣì lè fẹ̀, àmọ́ ẹ ní láti pe technicien génie civil (onímọ̀ iṣẹ́ ilé kíkọ́) kó ṣírò bíìmù tó máa rọ́pò ògiri náà. Ẹrù tí ògiri pín ká ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò dà sí ojú méjì péré, ìyẹn ìdí òpó méjì tó máa gbé bíìmù náà. Bí kò bá sí ìpìlẹ̀ tó dáa lábẹ́ òpó méjèèjì, ilẹ̀ á rì, pàápàá ní àdúgbò tó sún mọ́ ọ̀sà, ògiri òkè á sì sán. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan, kí wọ́n ti fi igi gbé dẹ́kì ró lọ́tùn-ún àti lósì, pẹ̀lú pákó nípọn lábẹ́ igi. Kí igi náà sì wà níbẹ̀ títí kọnkéré á fi gbó. Ọjọ́ 28 ni a máa ń kà fún un. Bíríkìlà tó bá ní òun á yọ ọ́ ní ọjọ́ karùn-ún torí iléyá ti dé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ ṣọdún.

(Ká ní ọ̀kan nínú àwọn ilé àgùdà àtijọ́ (ti àwọn tó padà dé láti Brazil) tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni, ìdáhùn mi ì bá kúrú: ẹ má wó ògiri kankan níbẹ̀ láìpe ẹni tó mọ ilé amọ̀.)

Ó ku wáyà. Téèpù kì í ṣe ohun ìsowáyà tí a ń rì mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ojúu wáyà tí a kàn lọ́ pọ̀ máa ń tú díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti tú ló ti ń gbóná, téèpù á gbẹ, omi tó ń gun ògiri nígbà òjò á sì jẹ bàbà inú rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá kú, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ó gbẹ́. Gbogbo ojúu wáyà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó ní ìdérí tó ṣeé ṣí, kí wọ́n fi domino (ohun onísíkúrù tó ń di ojúu wáyà mú) dè é. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n fa wáyà tuntun láti àpótí dé àpótí, nínú páìpù rọ́bà, kó lọ gbọọrọ sókè tàbí gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe gba igun dé igun lára ògiri. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Kí wọ́n tó wó ògiri, pípa iná mítà nìkan ò tó. Ẹ bi àwọn ará òkè léèrè: ṣé décompteur (mítà kékeré) tiwọn dá wà? Ṣé sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ wà nínú ilé? Iná SBEE (ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Benin) lè ti kú kí ti bátìrì ṣì wà nínú wáyà. Oníṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìdánwò wo wáyà kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí wáyà gbà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí òun àti bíríkìlà pàdé lójú ògiri náà ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí wọn ò bá pàdé, kálukú á rò pé ẹnì kejì ti wò ó.

Ti disjoncteur 32 ni mo kọ̀ pátápátá. Kì í ṣe ẹ̀rọ yín ló ń ṣọ́, wáyà ló ń ṣọ́. Wáyà 1,5 (mm², bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó) kò gbọdọ̀ ju 16 ampere lọ, wáyà 2,5 kò gbọdọ̀ ju 20 lọ. Ẹ fi 32 sí orí wọn, rọ́bà ara wáyà á ti máa yọ́ nínú ògiri kí disjoncteur tó mọ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fi okùn di ajá lẹ́nu torí pé ó ń gbó olè.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìlà 16 ampere lórí 220 fóòtì, 3520 wáàtì ló lè gbé. Ẹ̀rọ amúlétutù bíi 1200, áyọ́ọ̀nù 1200, kẹ́tùlù iná 2000: ó ti di 4400. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kò yani lẹ́nu pé ó ń já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ìlà ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ amúlétutù láti tábìlò (pátákó tí àwọn disjoncteur wà) wá, wáyà 2,5, disjoncteur 16 tàbí 20. Bó bá sì jẹ́ pé différentiel (èyí tó ń gé iná nígbà tí iná bá ń jò) ló ń já, tàbí pé ó ń já ní kété tí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà nìkan, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ó lè jẹ́ pé iná ń jò níbì kan tàbí pé wáyà méjì ń kan ara wọn, a ó sì wá a rí kí a tó ṣe ohun mìíràn.

Nígbà tí ògiri bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò (èyí tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) dé ibi prise yín, ìyẹn ihò tí a ń ti pulọ́ọ̀gì bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní in, kò sì sí ìgbà tó rọrùn láti fà á ju kí ògiri tó padà dí lọ.

Kí ìlà ọ̀tọ̀ yẹn tó wà, ẹ má lo áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù pọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́.