Èsì: Ọmọ tó ń lo oògùn HIV, tó ń wúwo sí i ṣùgbọ́n tí kò ga

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ béèrè bóyá oògùn HIV ni kò ṣiṣẹ́, nítorí pé ọmọ yín, ọmọ ọdún 3, ń wúwo sí i láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, síbẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ga jù ú lọ. Èyí nìkan kò fi hàn pé oògùn náà kùnà, nítorí ìwọ̀n ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò, tí gíga á sì máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí àìjẹunrekánú bá ti pẹ́ lára ọmọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò iye kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.

Ní ti oúnjẹ, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ọmọ tó ní HIV nílò oúnjẹ afúnnilágbára tó fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ju ti ọmọ mìíràn lọ, kódà bí àìsàn kò bá hàn lára rẹ̀. Ògì tí a po edé lílọ̀ mọ́, mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti epo pupa tó. Owó tí àwọn kan ń ná sórí oògùn amára-jí-pépé ì bá ra ẹyin púpọ̀.

Ẹ rí i dájú pé wọ́n ń wọn ọmọ náà nígbàkígbà tí ẹ bá lọ gba oògùn, torí ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pinnu iye tí yóò lò. Bí kò bá wúwo sí i mọ́, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí téèpù tí wọ́n fi ń wọn yíká apá òkè ọmọ láti mọ̀ bóyá àìjẹunrekánú ń bá a jà bá sì fi ohun tó kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5 hàn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.