Ẹ Bi Lọ́yà: Aránṣọ Ẹni Ọdún 31 Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Òfin

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, ẹni ọdún 31, mo sì ti bí ọmọ méjì. Láti kékeré ni iṣẹ́ lọ́yà ti ń wù mí, owó ni kò sí. Ní báyìí, ọkọ mi ní òun á ràn mí lọ́wọ́. Màmá mi ló ta kú. Wọ́n ní ọjọ́ ti lọ lórí mi, àti pé irọ́ ni lọ́yà fi ń jẹun. Kí ni kí n ṣe? (Aránṣọ, Òṣogbo)

Àbúrò mi, ọjọ́ kò tíì lọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe oníròyìn, ó ti ṣòwò, ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù wá owó, ó sì ti di bàbá ọmọ kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ òfin ní 1944. Ẹni ọdún 37 ni nígbà tó di agbẹjọ́rò ní 1946.

Ọdún 5 ni wàá lò ní yunifásítì tí o bá gba ọ̀nà JAMB, lẹ́yìn náà nǹkan bí ọdún kan ní Law School, ilé ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń lọ kí ó tó di lọ́yà. NYSC kò kàn ọ́. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un. Yẹ èsì WAEC rẹ wò: ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń béèrè krédíìtì nínú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Má sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Owó tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń san fún lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tó gbọ́ bùkátà ọmọ méjì, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń bí mi nínú gan-an.

Bá mi kí màmá. Sọ fún wọn pé abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọn yóò fi fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Ẹni tó bá ní mo jalè, òun ni yóò mú ẹ̀rí wá. Iṣẹ́ lọ́yà ni láti yẹ ẹ̀rí náà wò bóyá ó dúró. Àwọn aláìṣòótọ́ wà láàrin wa, mi ò ní bò wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá tan kóòtù jẹ, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Kí o tó ra fọ́ọ̀mù kankan, ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí o lọ jókòó sí kóòtù májísíréètì. Kò sẹ́ni tí yóò lé ọ. Gbangba ni òfin ní kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́. Pa fóònù rẹ, jókòó sẹ́yìn. (Wíìgì kò sí níbẹ̀ o, kóòtù gíga la ti ń dé e.) Má wo ẹni tó ń pariwo, ọwọ́ adájọ́ ni kí o máa wò. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa, adájọ́ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á béèrè ìbéèrè kan, á dákẹ́, ojú rẹ̀ á wà lára bírò adájọ́. Ó di ìgbà tí bírò bá dúró kó tó béèrè òmíràn. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ Yorùbá, ògbufọ̀ á tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́yà tó gbọ́ Yorùbá dénú ti mọ ìdáhùn kí ògbufọ̀ tó lanu, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló sì fi ń ro ìbéèrè tó kàn.

Wàá tún rí ọmọkùnrin kan tí adájọ́ gba béèlì rẹ̀, tí wọ́n sì tún dá a padà sẹ́wọ̀n torí pé kò rí onídùúró. Bí ìyẹn bá dùn ọ́ débi pé o fẹ́ mọ ìwé tí èèyàn lè kọ kí béèlì náà lè rọrùn fún un, lọ ra fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ aṣọ dúdú nìkan ló ń wù ọ́, fi owó náà ra aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ mi obìnrin ti rí ààyè kọ́ òfin ní yunifásítì aládàáni kan. Wọ́n ní NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti fọwọ́ sí i. Ṣé kí n sanwó? (Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ má tíì san án, sà. NUC nìkan kò tó. Council of Legal Education, àwọn tó ni Law School, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin náà pẹ̀lú, wọ́n á sì sọ iye ọmọ tí Law School lè gbà lọ́wọ́ yunifásítì náà lọ́dọọdún. Yunifásítì tó bá gba ọmọ ju iye yẹn lọ, àwọn tó bá ṣẹ́ kù á máa dúró sílé de ààyè Law School lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà nílé báyẹn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ níbòmíràn sì ti di lọ́yà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ Council hàn yín, kí wọ́n sọ iye ọmọ tí àṣẹ náà gbà, àti iye tó wà ní kíláàsì báyìí. Bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ gbé owó yín padà sílé, kí ọmọ tún JAMB ṣe.