Ọmọ Mi Ní Òun Ò Gun Ẹṣin Mọ́

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ní ọ́tísìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó máa ń mú kí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ ṣòro. Kò sí ohun tí a ní kó ṣe tí kì í dáhùn pé, ‘Mi ò lè ṣe é.’ Wọ́n ní ká gbìyànjú ìtọ́jú pẹ̀lú ẹṣin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì tó ìṣẹ́jú 10 tí a débẹ̀ tí wọ́n fi gbé e sórí ẹṣin. Ó figbe ta, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì búra pé òun ò ní padà. Bàbá rẹ̀ ní bí ẹṣin bá dáni, ńṣe là ń tún un gùn. Kí ni kí n ṣe?”
Ìyá tí ọkàn rẹ̀ pòrúùru

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ ni òwe tí bàbá ọmọ pa, àmọ́ ẹṣin kọ́ ló dá ọmọ yín. Àgbàlagbà ló gbé e lé ohun tí kò tíì mọ̀. Gíga ẹṣin, akoto tó fún un lórí, ọwọ́ àjèjì lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi dandan gbé e padà sórí gàárì, ẹ má sì pa ẹṣin tì. Ilẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹṣin tó dàgbà lè wọn 500 kìlógíráàmù, síbẹ̀ ẹranko tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣọ́ ìrìn àti ìṣesí ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Kò retí kí ọmọ wo òun lójú, kò sì béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá kọjú síbi tó ń lọ tó sì gbẹ́sẹ̀, ẹṣin á tẹ̀ lé e. Bí ohun tó fẹ́ kò bá yé ẹṣin, á dúró. Ìdáhùn yẹn yá, kò sì ní ẹ̀gàn nínú. Ibẹ̀ ni ìgboyà ti ń wá: ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i pé òun ṣe nǹkan, ohun ńlá sì gbọ́ tòun. Ìyìn ẹnu wa ò lè ṣe èyí fún ọmọ tó ti mọ̀ pé torí kóun lè dákẹ́ ẹkún ni wọ́n ṣe ń yin òun.

Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015 lo ọmọ 127 tó ní ọ́tísìmù, ọmọ ọdún 6 sí 16, fún ọ̀sẹ̀ 10. Apá kan gun ẹṣin, apá kejì kọ́ nípa ẹṣin láìrí ẹṣin gidi. Ìbínú àti àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ dín kù lára àwọn tó gùn ún ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí kò sọ pé ẹṣin ń wo ọ́tísìmù sàn o. Ẹ sá fún ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀.

Kí ọmọ tó padà, ẹ bá olùkọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Ẹṣin kan náà, olùkọ́ kan náà, aago kan náà. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹṣin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbẹ̀rù á máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ gba fọ́tò ẹṣin, ẹnu ọ̀nà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ọmọ ti rí wọn nílé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá padà, ẹ̀yìn ọgbà ni kó dúró, kó kàn máa wò.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń sún mọ́ ẹṣin: láti ẹ̀gbẹ́, níbi èjìká, nítorí ẹṣin kì í rí ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ àti ọ̀kánkán iwájú orí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bó bá tẹ etí mọ́lẹ̀ sẹ́yìn, inú ń bí i. Bó bá yí etí kan sí ọmọ, ó ń fetí sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ojú èèyàn ṣòro fún láti kà máa ń fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí. Bó bá fẹ́ ya irun ẹṣin, kóòmù rọ́bà ni kó kọ́kọ́ lò, kó máa fi yí po lọ́rùn àti lára, kò gbọ́dọ̀ kan ojú tàbí eegun ẹsẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ló tẹ̀ lé e, síbi tí irun kọjú sí.

Fífa ẹṣin ni iṣẹ́ gan-an. Kó ká okùn sínú ọwọ́, kó má wé e mọ́ ọwọ́ láéláé. Bí ẹṣin bá ta kìjí, okùn lè já ìka. Ohun tó sábà ń bàjẹ́ nìyí: ọmọ á fa okùn, ẹṣin á fà padà, kò ní kúrò lójú kan. Ọmọ á ní, “Mi ò lè ṣe é,” olùkọ́ á sì gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ olùkọ́ pé kó ka ení dé ẹ̀wá nínú ná, kó wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: “Wo ibi tí ò ń lọ, má wo ẹṣin.” Bí ẹṣin bá ṣí, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́. Ariwo á dẹ́rù ba àwọn méjèèjì.

Ẹ fún ọmọ ní àmì kan tó túmọ̀ sí “ó tó,” bóyá káàdì pupa. Gbogbo ìgbà tó bá gbé e sókè ni kí wọ́n dúró. Bí wọ́n bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ kó ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Bó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ gùn ún, kó ti máa dé akoto nílé, ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn náà 5, títí dé 20. Akoto agẹṣin ni, ti kẹ̀kẹ́ kò ṣe é lò. Kí bàtà rẹ̀ ní gìgísẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ gba inú àlùkẹ́mbù, irin tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kọjá. Ẹnì kan á fa ẹṣin, ẹni méjì á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kí wọ́n sì bi í ibi tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Ẹ sọ fún dókítà tẹ́lẹ̀ bó bá ní ikọ́ fée, gìrì tàbí wárápá.

Ẹ má ka iye ìgbà tó gùn ún. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà tí “Mi ò lè ṣe é” bá di “Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.” Bí inú bá ṣì ń run ún ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ẹṣin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ dá a dúró. Bó bá sì ń lọ dáadáa, ẹ pe bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, kí ọmọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ẹṣin.