Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀sìn, Ilé-ẹ̀kọ́ àti Ìbò

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mùsùlùmí ni mí, ìyàwó mi ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn ọmọ wa sì wà nílé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Ní ìpàdé PTA tó kọjá, ọ̀rọ̀ híjáàbù tún dá ariwo sílẹ̀. Ẹnìkan ní kí ìjọba lé ẹ̀sìn kúrò nílé-ẹ̀kọ́ pátápátá bíi ti ilẹ̀ Faransé. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ tó kọ́ wọn. Èwo ló tọ́?
Òbí kan, Ìwó

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mo mọ ariwo yẹn dáadáa. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo sì ti lo ọdún tó pọ̀ jù, orúkọ ìjọ ló wà lókè pátákó rẹ̀, àmì ìjọba ìpínlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìjọba ló ń sanwó oṣù mi. Láràárọ̀, bí àwọn ọmọ bá ti tò sórí ìlà, orin inú ìwé orin ìjọ la máa ń dá. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi furúùtù, wọ́n á panu mọ́ títí a ó fi ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n rí pé kí ni wọ́n fẹ́. Lójú tèmi, ìjà yìí ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba aṣọ.

Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ìwé kíkà ti kọ́kọ́ tẹ àwọn baba wa lọ́wọ́, ìrìbọmi sì máa ń tẹ̀lé ìwé náà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí kò fi jẹ́ kí ọmọ wọn lọ. Ní 1896, ìjọba amúnisìn ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn Mùsùlùmí l'Ékòó. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí l'Ékòó kan náà dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ wọn lè kàwé láì ní pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n gbìyànjú gan-an, síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ló ṣì pọ̀ jù.

Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1955, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Èrò tó bí i ni èyí tí àwọn èèyàn fi ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afẹ́nifẹ́re: ohun tí olówó ń ṣe fún ọmọ tirẹ̀, kí ọmọ àgbẹ̀ náà rí i gbà. Iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000, ó di èyí tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn, mi ò sì lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí n má dúpẹ́. Àmọ́ àwọn ìjọ ló ní ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé àti olùkọ́, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ọ̀hún wọlé sí. Inú àwọn Mùsùlùmí kan kò dùn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀ ní 1957, wọ́n pè é ní National Muslim League. Awólọ́wọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu fífi ẹ̀sìn dá ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ náà kò sì tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀dùn wọn. Ní 1958, ìjọba rẹ̀ dá àjọ tí yóò máa bójú tó àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà sílẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó bójú tó ti Mẹ́kà. Ti ilé-ẹ̀kọ́ wà níbi tó wà.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba olùkọ́, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lára pátákó. Ta ló wá ni ín? Ìjọ ní àwọn ni, torí owó ìdáwó bàbá àti ìyá wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mùsùlùmí ní gbogbo wa la ni ín, torí owó ìlú ló ń gbé e ró. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ìwó lọ́dọ̀ yín ní oṣù Kẹfà 2016, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: Adájọ́ Jide Falola ti ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun ní akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí lè lo híjáàbù, kò sì pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan fi wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọ kíláàsì ní Baptist High School láti fi tako ìdájọ́ náà. Ó dùn mí pé àwọn àgbàlagbà fi ọmọ ọlọ́mọ jà. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ híjáàbù ti Èkó ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022: adájọ́ márùn-ún fọwọ́ sí híjáàbù, méjì kò fọwọ́ sí i.

Ẹ mú abala 38 ìwé òfin 1999 dání lọ sí ìpàdé yín. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí bá wọn ṣe ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún ní ẹlẹ́sìn kan lè kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ lẹ́sìn nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí òun nìkan ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ *pátápátá*. Ẹ fọwọ́ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ìjọba bá ń sanwó oṣù, ìjọ kò lè fi orúkọ ara pátákó sọ ohun tí ọmọ yóò fi borí.

Ti Faransé kò bá wa mu. Ìjà pẹ̀lú agbára Ìjọ Kátólíìkì ló bí òfin wọn ti 1905, òfin 2004 sì lé híjáàbù kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba wọn. Àwa kò bá ìjọ kan ṣoṣo jà rí. Ilé bíi tiyín, tí ọkọ ń kírun tí aya ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló kún ìgboro. Ní ti dídá ilé-ẹ̀kọ́ padà, mi ò lòdì sí i, bí ìjọ bá ṣe tán láti gbé owó oṣù olùkọ́. Kí ẹ ṣáà béèrè ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé ọmọ àgbẹ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Títí ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí híjáàbù wà, kí àdúrà àárọ̀ sì máa ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́sìn méjèèjì wá.

Ìbéèrè

Ẹ káàsán, mà. Ṣé òfin gbà kí ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ọmọ mi, òfin kò kọ̀ ọ́. Ohun tí abala 222 kọ̀ ni kí ẹgbẹ́ òṣèlú gbé orúkọ tàbí àmì tó jọ ti ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà, tàbí kó fi ẹ̀sìn lé ọmọ ẹgbẹ́ sẹ́yìn. Ní 1979, Awólọ́wọ̀ mú Philip Umeadi, Kristẹni ará Gúúsù làwọn méjèèjì. Ní June 12, 1993, Abíọ́lá àti Kingibe, Mùsùlùmí méjì, rí ìbò Kristẹni gbà káàkiri. Nígbà tí Tinubu mú Shettima fún ìbò 2023, Mùsùlùmí làwọn náà, ariwo pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, sì kọ̀ ọ́ gbangba. Àwọn Yorùbá kan ń sọ pé kí ló fa ariwo, ṣebí pásítọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Ilé wa ni wọ́n fi ń wo ilé onílé. Láàárín 1993 sí 2023, Zamfara àti ìpínlẹ̀ 11 mìíràn ní Àríwá ti sọ òfin Ṣàríà di òfin ìwà ọ̀daràn, Boko Haram sì ti sun ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pa Mùsùlùmí nínú mọ́sálásí. Ìbẹ̀rù Kristẹni ará Kàdúná ní ìdí. Ipò igbákejì nìkan kò lè wò ó sàn o. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa bi ẹni tó bá wá tọrọ ìbò rẹ ni pé, bí wọ́n bá sun ilé ìjọsìn kan lọ́la, ta ni yóò fojú ba ilé-ẹjọ́?

Ìbéèrè

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣẹ̀ṣe ni wá nílé. Ṣé ọlidé ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó nǹkan kan?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo

Ìdáhùn

Ó tó nǹkan. Ní 2023, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó fi ọlidé fún un, bẹ́ẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹ̀sìn ìjọba, gẹ́gẹ́ bí Iléyá àti Kérésìmesì kò ti sọ tiwọn dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọlidé ni iṣẹ́ kù sí. Ìmọ̀ Kristẹni àti ìmọ̀ Ìsìláàmù ni wọ́n máa ń fi sí iwájú ọmọ yín pé kó mú ọ̀kan. Abala 38 tí mo kà fún bàbá ará Ìwó lókè dáàbò bo àwọn ọmọ tiyín náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n jókòó sí èyíkéyìí, ẹ dárúkọ abala náà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí padà lọ́wọ́ akọ̀wé.