Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń tẹ káàdì àti pósítà. Iṣẹ́ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń múra Ojúde Ọba wọlé, kọ̀ǹpútà mi sì ń fà, ni mo bá ra RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tòkunbọ̀ 8GB kún 4GB tó wà nínú rẹ̀. Látìgbà náà, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Ṣé motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́, ló jó ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra motherboard o. RAM yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ yọ waya kọ̀ǹpútà lára iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí iná tó kù sínú lè tán. Ẹ yọ RAM tuntun, kí ẹ fi ti àtijọ́ nìkan sílẹ̀ ní ihò tó wà tẹ́lẹ̀. Tó bá tàn, ara motherboard yá.

Ó wá ku kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára RAM tuntun. DDR3 àti DDR4 jẹ́ irú RAM méjì: ẹsẹ̀ DDR3 jẹ́ 240, ti DDR4 jẹ́ 288, ibi tí wọ́n gé sí lábẹ́ wọn kò sì bára mu; èyí tó bá gba agídí kó tó wọlé, kì í ṣe ti ihò yẹn. RAM sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí ó máa ń wọ ihò náà régí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í gbà á. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà bíi PC3-10600: U ni ti orí tábìlì, R ni ti sáfà. Tó bá jẹ́ R, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Tó bá jẹ́ U, ẹ fi irésà pẹ́ńsù ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dà bíi wúrà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku inú ihò. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé lórí méjèèjì títí ìkọ́ rẹ̀ á fi dún.

Bí ti àtijọ́ náà kò bá tàn, ẹ wo waya kékeré ẹlẹ́nu 4 tàbí 8 tó wà nítòsí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ó rọrùn kí ọwọ́ fà á yọ, fáànù á sì máa yí láìsí àwòrán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lára motherboard fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ dá a padà. Ọjọ́ àti aago á yí, ẹ ó tún un ṣe.

Tí ẹ bá wá tan kọ̀ǹpútà pẹ̀lú RAM tuntun, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó pa á, torí ó lè pẹ́ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.