Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Irú awọ wo ló wà lójú yín, ẹ̀yin ọkùnrin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń ta ìpara lọ́jà bi mí bóyá awọ ojú mi gbẹ tàbí ó lóròóró, n kò mọ èsì tí n óò fọ̀. Bí mo bá fi ọṣẹ dúdú bọ́jú láàárọ̀, ojú á máa fà mí. Kó tó di ọ̀sán, iwájú orí mi á ti máa dán yinrinyinrin. Èwo ni tèmi? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ awọ olóròóró ni ẹ ní, ọṣẹ ló ń tàn yín jẹ. Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Awọ ojú a máa kan díẹ̀, pH rẹ̀ (òǹkà tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni nǹkan náà ṣe kan sí) kò jìnnà sí 5. Ti ọṣẹ dúdú sábà máa ń tó 9 tàbí 10. Ojú ta ni kò ní fà lẹ́yìn irú èyí? Ẹni tó bá fi bí ojú ṣe ń fà lẹ́yìn ìwẹ̀ pinnu, ọṣẹ ló yẹ̀ wò, kò tíì yẹ awọ wò.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ mú ọjọ́ tí ẹ kò ní fá irùngbọ̀n. Ẹ fi ọṣẹ ojú olómi tí kò ní lọ́fínńdà bọ́jú pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ má fi kànrìnkàn bó o. Ẹ fi táwẹ́lì tó mọ́ tẹ ojú títí omi á fi gbẹ, ẹ má fi nù ún. Ẹ má fi nǹkan kan pa á. Kí ẹ wá jókòó fún wákàtí kan níbi tí òógùn kò ti ní mú yín, tí fáànù kò sì ní dojú kọ yín, nítorí atẹ́gùn fáànù a máa mú awọ tó dára gbẹ.

Lẹ́yìn wákàtí yẹn, ẹ ya tíṣù funfun sí mẹ́rin. Ẹ tẹ ọ̀kan mọ́ iwájú orí, ọ̀kan mọ́ imú, ọ̀kan mọ́ àgbọ̀n, ọ̀kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: ibi tí òróró bá kàn, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá òógùn ni, ẹ fi tíṣù náà sílẹ̀ díẹ̀. Òógùn á gbẹ, òróró kò ní gbẹ. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ kún kó má ka ti àgbọ̀n sí, torí irun a máa gba òróró dúró.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá lóròóró, awọ olóròóró nìyẹn. Bó bá jẹ́ iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan, awọ àdàlù ni, òun ló sì pọ̀ jù láàrin ọkùnrin tí a ń rí. Bí tíṣù bá gbẹ tí ojú sì ń fà, awọ gbígbẹ ni; bó bá gbẹ tí ojú kò ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ dúpẹ́. Ẹ tún un ṣe nígbà ọyẹ́, èsì lè yí padà.

Olóròóró kò gbọ́dọ̀ bọ́jú ju ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kó sì máa lo ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní glycerin (tó ń di omi mú sínú awọ) tàbí niacinamide (irú fítámì B kan). Kí aláwọ gbígbẹ fi omi lásán bọ́jú láàárọ̀, kó wá fi ọṣẹ ojú lálẹ́. Kí omi tó gbẹ tán lójú ni kó fi ìpara sí i, láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òrí dára fún un, ìwọ̀n hóró ẹ̀pà kan tí a fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́. Aláwọ àdàlù lè fi òrí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó yọ imú sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Nǹkan funfun ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi àti nínú irùngbọ̀n. Mo ń fi òróró àgbọn pa á torí mo gbà pé ó gbẹ ni, àmọ́ ó ń pọ̀ sí i. — Òǹkàwé kan, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ dá òróró yẹn dúró lónìí. Èyí kì í sábà jẹ́ gbígbẹ rárá. Awọ gbígbẹ a máa ṣí lẹ́búlẹ́bú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tó bá ń ṣí níbi tí awọ ti ṣẹ́po lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, nínú irun òkè ojú àti irùngbọ̀n, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ń yọ̀, òun ni àwọn dókítà ń pè ní seborrheic dermatitis. Kòkòrò àìfojúrí kan tó wà lára gbogbo ènìyàn ló ń fà á, òróró sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ ra ṣáńpù ketoconazole 2%, oògùn tó ń ṣẹ́gun kòkòrò náà, nílé oògùn. Ẹ fi hó sí ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ṣàn án kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ó lè padà wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ rí dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Bí onígbàjámọ̀ bá fi sípíríìtì nu àgbọ̀n mi, bọ́ḿpù á sú. Ṣé awọ ẹlẹgẹ́ ni mo ní? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Irun ló fa bọ́ḿpù. Irun wa a máa ká. Bí abẹ bá gé e kanlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á tún gún awọ wọlé. Ẹ ní kí wọ́n fi kílípà gé e, kí ó ṣẹ́kù nǹkan bíi mìlímítà kan. Ara kílípà ni kí sípíríìtì mọ, kó má kan ojú yín. Ní ti awọ ẹlẹgẹ́, ẹ fi ìpara tuntun sí inú ìgúnpá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ méje. Bí kò bá yún yín, tí kò sì ta yín, ẹ lè fi sójú.

ÌBÉÈRÈ: Ìpara àpòpọ̀ kan pa irorẹ́ mi kíákíá. Mo dá a dúró, irorẹ́ tún dé, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. — Òǹkàwé kan, Èkó

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po clobetasol tàbí betamethasone mọ́ ọn. Oògùn awọ líle tí wọ́n ń pè ní steroid ni wọ́n, wọn a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a sì máa fa irorẹ́ tiwọn. Ìdánwò tíṣù kò ní sọ òótọ́ fún yín báyìí. Ẹ mú ike rẹ̀ dání lọ bá dókítà awọ, ẹ sọ iye oṣù tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má sì tìtorí pé ẹ fẹ́ kí irorẹ́ lọ padà sídìí rẹ̀.